Pèrègún Mẹ́ta Láti Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wa

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúródè wa, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnira orúnkún tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yàrá tí mo ti ń kọ̀wé yìí kò gba ìdọ̀bálẹ̀ ènìyàn gíga bíi tèmi, ẹsẹ̀ mi ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ìdòwú àbúrò mi, mo kí ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó yín ní òun wà lórí ìkúnlẹ̀, Bọ́sẹ̀ ọmọ yín náà sì ní kí n sọ fún yín pé eyín òun méjì ti yọ.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ kò ka ìwé, Ìdòwú ló sì máa ń ka lẹ́tà mi fún yín. Àbúrò mi kò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́, nítorí náà, bó bá kan ibi tó korò, á fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé nígbà tí mo wálé lọ́dún Àjíǹde, ẹ bi mí bóyá ilé tí à ń gbé ṣì tù wá lára. Èmi tí mo ti kọ̀wé lóṣù mẹ́fà ṣáájú pé òjò ń jò lé wa lórí! Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, tíṣà lè kà á fún yín, ọmọ ilé ìwé lè kà á, kò sẹ́ni tó máa lè fo nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlá tó wà lẹ́yìn odi, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ síta.

Iṣẹ́ ń lọ, ara ló kù tí kò fẹ́ lọ mọ́. Mo ṣì wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi báyìí, tẹ́lẹ̀ méjì ni. Ìdúró ni láti ìgbà tí a bá ti wọlé títí a ó fi jáde, eruku òwú á kún wa nímú, á kún wa létí. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa, bí mo bá sì délé, mi ò mọ ìgbà tí mo máa ń pariwo sọ̀rọ̀. Ìyàwó yín á ní ṣé òun dití ni. Òjò Èkó kò sì jọ tilé. Tilé á rọ̀, á dá, ilẹ̀ á mu ún. Ti ibí á rọ̀ tán, á jókòó ti èèyàn bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Mo sọ ọ́ síbí kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà máa sọ ọ́ káàkiri.

Yàrá kan náà la ṣì ń gbé ní Múṣín. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, ìdílé mẹ́wàá ló sì ń gbé e, pẹ̀lú ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí, ìbọn ti di nǹkan tí àwọn ìpátá ń mú kiri ìgboro. Ìgbà tí ọyẹ́ mú, adigunjalè wọ yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá ilẹ̀kùn títí ó fi já. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, àní bí ọmọ odó bá kan ẹnu odó lẹ́yìnkùlé, Bọ́sẹ̀ á fò dìde, á rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, á máa gbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò sùn bí ọmọdé ṣe ń sùn mọ́. Ibi tí mo ti ń kọ́ bí mo ṣe lè fara da èyí ni lánlọ́ọ̀dù ti fún gbogbo wa níwèé pé òun fẹ́ wó ilé náà, kí òun kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, ká ti kó jáde kí òjò ọdún yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà náà ni èmi àti ìyàwó yín fẹnu kò pé dípò ká tún kó sí yàrá olówó gọbọi mìíràn, ká wá ilẹ̀ kékeré kan ní ìgbèríko Èkó, níbi tí agbára wa ká, tí ọkàn ọmọ á sì balẹ̀, ká máa fi díẹ̀díẹ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Bàbá, mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, torí òun ló kọ́kọ́ wá sí èmi náà lọ́kàn. Ọdún tí mo jáde nílé ìwé Módà, tí mo fẹ́ máa bọ̀ l'Ékòó, ẹ mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ gé pèrègún mẹ́rin, ẹ rì wọ́n mọ́ igun mẹ́rin ilẹ̀ náà. Ẹ ní ibẹ̀ ni ilé mi. Ẹ ní àkọ́bí kì í lọ sájò kó má mọ ibi tó ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá mi ò gbọdọ̀ sá ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì so ewúrẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tú u. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá. Pèrègún ti ga ju mí lọ. Èmi ò tíì fi òkúta kan lélẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìlá tí a máa ń ṣe lóṣooṣù, mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó níjọ́ kan. Alága wa bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé ṣé mo ti kan páànù ilé tèmi ní Ìlá tán ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe Bọ́sẹ̀ nìkan.

A ṣáà ń wá ilẹ̀. Gbogbo Sátidé tí mi ò bá ti wọṣẹ́, a ó fi Bọ́sẹ̀ sáàárín, a ó máa rìn. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, owó ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, rírọ̀ náà ló sì bà wá lẹ́rù. A bá ìpìlẹ̀ ilé méjì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan gba inú èkejì kọjá, bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jìjàkadì. Ọmọ bàbá kan náà méjì ló tà á fún ẹni méjì. Àwọn tó rà á wà ní kóòtù, ewúrẹ́ ló ń gbé inú ìpìlẹ̀. Ibì kejì dára, ọ̀nà ọlọ́dà ni, iná mànàmáná wà níbẹ̀, maígáàdì sì wà lẹ́nu géètì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń mú wa káàkiri béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún un. Ó wo bàtà mi, ó ní ká kú ìrìn.

Ibì kẹta ni mo ti ṣìnà, Bàbá, ibẹ̀ gan-an ló sì mú mi kọ ìwé yìí.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn la débẹ̀. Alágbàtà kan mú wa gba ọ̀nà kan tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, a yà lọ́wọ́ òsì, mo sì rí wọn. Ògùrọ̀ ni. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹbẹ, imọ̀ wọn ń fi ara kan ara wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ògùrọ̀ tó dúró báyẹn. Mo lọ fọwọ́ kan ìdí ọ̀kan, ojú mi sì ṣe fìrì, ó dà bíi pé ẹ ti fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú igbà àti akèrègbè ẹmu yín, pé ẹ máa tó súfèé sí mi kí n yẹra nísàlẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó gbẹ, apá wa ká a, kò sì jìnnà síbi iṣẹ́ mi. Mo ní ibí yìí ni. Mo gbé owó obì àti owó ọtí lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe gé ògùrọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n ní irú ẹ̀bẹ̀ yẹn rí.

Ìyàwó yín ń wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ni pákó gígùn tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé àdúgbò náà wà fún, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó báyìí. Ó tún ní kí n wo ara ògiri, pé àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá tòkè mu. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, pé ọmọ Òkè-Ìlá, ọmọ orí àpáta, kí ló mọ̀ nípa ògùrọ̀? Ó ní lóòótọ́ ni, òun ò mọ ògùrọ̀, pákó lòun mọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, mo gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti lọ tọwọ́ bọ ìwé ilẹ̀ náà. Mi ò rí ọ̀nà. Omi ló wà níbi tí ọ̀nà wà, ó dé mi lórúnkún, ó dúdú. Àwọn èèyàn ń rìn lórí pákó. Obìnrin kan gbé ìdáná rẹ̀ ka orí tábìlì, ó ń tẹ ẹ̀bà fún àwọn ọmọ rẹ̀, adìyẹ rẹ̀ sì tò sórí ògiri. Ó kí mi káàbọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ní oṣù mélòó kan péré ni nínú ọdún, pé ó ti mọ́ àwọn lára. Àwọn ògùrọ̀ nìkan ni inú wọn dùn níbẹ̀, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀.

Inú omi yẹn ni mo dúró sí tí ọ̀rọ̀ yín fi dún sí mi létí. Mo kéré nígbà yẹn, mo so ewúrẹ́ Ìyá mi mọ́ ìdí ògùrọ̀ létí odò wa. Ẹ tú u, ẹ fà mí létí, ẹ ní kí n gbọ́ dáadáa: ibi tí ògùrọ̀ bá dúró sí, omi ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ní bí omi ò bá sí nílé lẹ́ẹ̀rùn, ó rìnrìn àjò ni, á padà dé. Bàbá, ọmọ tíṣà mọ èyí. Ọmọ oníṣòwò tí kò gun igi rí mọ̀ ọ́n. Èmi tí ẹ fi owó ẹmu rán nílé ìwé ni mo lọ fi owó obì lélẹ̀ fún àbàtà. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Tèmi wá yàtọ̀, ìyàwó yín rí i lórí ìdúró, èmi di igi náà mú, mi ò rí i. Mo rẹ́rìn-ín ara mi nínú omi náà, lẹ́yìn náà mo sunkún. Kì í ṣe ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà níbẹ̀. Ọ̀nà oko yín ni mo fẹ́ rà.

Nígbà tí mo délé pẹ̀lú ṣòkòtò tútù, mo bẹ ìyàwó yín. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn bu omi gbígbóná fún mi. Nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń ṣe, oníbàárà rẹ̀ kan ti júwe ibòmíràn fún un, lẹ́yìn Agége, létí ọ̀nà rélùweè tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ti dá lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ torí pé mo ti ní òun ò mọ ògùrọ̀.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ibẹ̀ kò wù mí. Ilẹ̀ pupa ni, ó le débi pé ọkọ́ ń dún lára rẹ̀. Kò sí ògùrọ̀, kò sí ọ̀pẹ, igi máńgòrò kan ló wà níbẹ̀, kò sì tíì so. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ omi. Kànga wọn jìn débi pé èèyàn á ti gbàgbé pé òun ju korobá sílẹ̀ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Màá máa jí ṣáájú àkùkọ kí n lè bá ọkọ̀ ojú irin dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ mu ún. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ jókòó, àwọn ọmọ rẹ̀ pátá dúró tì í, ó ní kí wọ́n sọ níṣojú wa bí ẹnikẹ́ni bá ní àtakò. Àwọn aládùúgbò ń ṣọ́ àdúgbò láàárín ara wọn, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà, a gbọ́ agogo rẹ̀. Owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè san láìjẹ pé a fi ebi pa ara wa.

Gbogbo ìyẹn ò tíì mú mi gbà. Ohun tó mú mi gbà nìyí. Káfíńtà kan, ọmọ Tápà, ń kan férémù fèrèsé sí ilé tó kángun sí ilẹ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní ẹní níbi òjìji, Bọ́sẹ̀ sì fara lélẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ọkùnrin náà ń fi òòlù kan igi, gbá, gbá, gbá. Mo sáré padà láti gbé ọmọ mi kó tó fò dìde. Ó sùn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kòkòrò bà lé e lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Òòlù ń dún, ọmọ yín ń sùn. Mo jókòó tì í lórí ẹní náà títí ó fi jí fúnra rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí.

Nítorí náà, Bàbá, mo wá síwájú yín. Agbára mi kò lè kọ́ ilé méjì. Sìmẹ́ńtì ti wọ́n jojú lọ, ọwọ́ mi sì ni ẹ mọ̀ yẹn. Bí mo bá kọ́lé síbí, ẹ̀gbẹ́ ilé yín á wà lófìfo títí irun á fi funfun lórí mi. Ìdòwú sì wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó ń wo ilẹ̀ òfìfo láti ojú fèrèsé láràárọ̀, kò sì tíì béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ń bá yín mú igbà wálẹ̀ lára pèrègún, òun ló ń fi òróró pa orúnkún yín. Ìyá mi fúnra wọn ló sọ fún mi lọ́dún Àjíǹde pé ilé àwọn ará ẹ̀yìn odi tó wà ládùúgbò wa, àdán ló ń gbé e, pé ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣí lọ́dún Kérésì, wọn kì í tún un ṣí títí ọdún mìíràn á fi dé. Mi ò fẹ́ kọ́lé fún àdán. Ẹ bá mi fún Ìdòwú ní ilẹ̀ mi. Èmi àkọ́bí yín ni mo wí bẹ́ẹ̀, mo sì wí i níṣojú gbogbo ọmọ Ìlá tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe ìjà láàárín ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Mi ò lè fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tuntun láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ò lè wá, mo mọ̀, orúnkún ò jẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gé pèrègún mẹ́ta láti ara mẹ́rin tí ẹ rì, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gé e, kí ẹ dì í sínú àpò ọ̀rinrin, kí Ìdòwú gbé e fún awakọ̀ tó ń ná Èkó láti gáréèjì Ìlá. Ìdí àwọn mẹ́ta náà, kí Ìdòwú hú u, kó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nítòsí fèrèsé yín, ibi tí ẹ máa ń fi igbà kọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí pèrègún bá dé, màá mọ̀ pé ẹ ti fún mi láṣẹ. Bí kò bá dé, mi ò ní bínú, màá tún wá yàrá kan, màá dúró. Ṣùgbọ́n Bàbá, òjò ti ń lọ sópin.

Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé wa, ẹ kí àwọn ẹlẹ́mu ẹgbẹ́ yín tó ṣẹ́kù, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín bá ògùrọ̀ jà l'Ékòó, ògùrọ̀ sì dá a. Kí Ọlọ́run tu orúnkún yín lára. Kó dá Ìyá mi sí fún yín, kó dá ẹ̀yin náà sí fún wa, kí igi máńgòrò tí kò tíì so yẹn so lójú yín, kí Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a wá fún yín. Kí ilé tí Ìdòwú máa kọ́ tù ú lára.

Igun mẹ́ta ni màá rì pèrègún mọ́ níbí. Bí aládùúgbò bá bi mí pé igun kẹrin ilẹ̀ mi ńkọ́, màá sọ fún un pé ó wà ní Ìlá, lójú fèrèsé bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ sọ ní
Oyèníyì